Àwo Ẹran Tí Mo Fi Ń Kẹ́ Ọkọ Mi

Ẹ̀yin ìyàwó ilé ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí ń tì mí lójú díẹ̀, nítorí ìmọ̀ oúnjẹ àti ìtọ́jú ilé gan-an ni mo ń kọ́ni ní yunifásítì.

Ní òru ọjọ́ kan ni ọkọ mi fi igbe ta. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ti wú, ó pọ́n, kò sì lè fara da aṣọ ìbora tí ó kàn án. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà, mi orí. Wọ́n ní, "Ìyàwó wa, ọmọ mi ti fẹsẹ̀ tẹ ohun tí kò yẹ." N kò jiyàn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a gba ilé ìwòsàn lọ. Dókítà wọn ìfúnpá rẹ̀, ó bá 152 lórí 96. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, yúríìkì ásíìdì inú rẹ̀ jẹ́ 9, bẹ́ẹ̀ sì ni kò yẹ kí ti ọkùnrin ju nǹkan bí 7 lọ.

Dókítà bi mí pé, "Mà, kí ni ẹ ń fún wọn jẹ?"

N kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó pẹ́ tí mo ti dín iyọ̀ ọbẹ̀ kù, mo sì rò pé ó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti ọkàn màlúù ni mo fi ń kẹ́ baálé mi lálaalẹ́, pẹ̀lú ìgò bíà kan tàbí méjì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nínú oúnjẹ àti nínú ara wa fúnra rẹ̀ ni èròjà kan wà tí a ń pè ní púríìnì. Bí ara bá ti lò ó tán, yúríìkì ásíìdì ni ìdọ̀tí tí ó ń kù, kíndìnrín ni ó sì ń lé èyí tí ó pọ̀ jù jáde sínú ìtọ̀. Púríìnì pọ̀ jọjọ nínú ẹran inú àti sáàdíìnì. Bíà ń fi kún un. Ṣúgà inú ọtí ẹlẹ́rìndòdò pàápàá ń mú kí yúríìkì ásíìdì pọ̀ sí i! Bí ó bá pọ̀ jù, ó lè dì sí oríkèé bí abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́. Ẹni tí tirẹ̀ ga sì súnmọ́ ewu ẹ̀jẹ̀ ríru ju ẹlòmíràn lọ, ìbáà má tilẹ̀ ní ìrora kankan.

Ní ọdún 2008, àwọn oníṣègùn kan ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọ̀dọ́ 30 tí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n lo oògùn tí ń dín yúríìkì ásíìdì kù, ìfúnpá àwọn 20 padà sí bí ó ṣe yẹ. Ìwádìí tí a ṣe lára àwọn àgbàlagbà lẹ́yìn náà kò fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà, ẹ má ṣe dá oògùn náà rà fún ọkọ yín.

Ìdáná ni ó kù sí mi lọ́wọ́. Ẹja tútù díẹ̀ àti ẹran díẹ̀ rọ́pò ẹran inú, omi sì rọ́pò bíà. Aládùúgbò kan ní kí n mú ẹ̀wà kúrò pẹ̀lú, n kò gbà, nítorí púríìnì inú ẹ̀wà kì í ṣe irú ìjàǹbá tí ti ẹran ń ṣe. Omi ẹran ni ó dùn mí jù. Púríìnì máa ń jáde sínú omi tí a fi se ẹran, ta ni nínú wa ni kì í fi omi ẹran se ọbẹ̀? Mo ń dà á nù báyìí, tìkanra-tìkanra.

Ìyá ọkọ mi bínú. "Ṣé o fẹ́ fi ebi pa ọmọ mi ni?" Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọn kò fi jẹ ọbẹ̀ mi.

Ní oṣù tí ó kọjá, ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 134 lórí 84, yúríìkì ásíìdì sì ti wálẹ̀ sí 7. Ó ṣì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà fún un. Màmá ṣì ń ra ẹ̀dọ̀ bọ̀ láti ọjà fún ọmọ wọn. Mo máa ń kúnlẹ̀ dúpẹ́, n ó sì pín in fún àwọn ọmọ.