Ìjàpá Tí Ń Fi Oòrùn Rìn

Ìjàpá ni Yorùbá ń pe ọkọ̀ Volkswagen kékeré nì, tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí kúdúrú. Ní Ilé-Ifẹ̀, ní ọdún 2014, Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, sọ ọ̀kan di èyí tí ń lo oòrùn àti afẹ́fẹ́. Ọdún kan ni ó fi ṣe é. Ó gbé awo tí ń gba agbára oòrùn lé e lórí. Ó ki abẹ̀bẹ̀ bọ iwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bátìrì ẹ̀yìn wúwo, ìjàpá kò sì tóbi. Nítorí náà, ó fi agbára kún ohun tí ó gbé ara ọkọ̀ ró lórí táyà. Àwọn kan ní àkókò ni ó ń fi ṣòfò. Iṣẹ́ ni ó fi dá wọn lóhùn. Ẹni tí yóò bá fi kún ẹrù, kí ó kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ tí yóò rù ú.