Omi Tí Ó Dànù

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, fíìmù kan wà tí Kaneto Shindo, ará ilẹ̀ Jàpáàn, ṣe ní ọdún 1960, tí ó sì gba ẹ̀bùn ńlá ní Mọ́síkò ní ọdún 1961. Erékùṣù Ìhòòhò ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀. Fún nǹkan bí wákàtí kan àbọ̀, a kò gbọ́ kí tọkọtaya inú rẹ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀. Wọn kò yadi o. Iṣẹ́ ni kò jẹ́.

Àwọn àti ọmọkùnrin wọn méjì nìkan ni ó ń gbé orí erékùṣù kékeré kan. Òkun yí wọn ká, síbẹ̀ wọn kò ní omi mímu. Wọn a tukọ̀ lọ pọn omi ní òdìkejì, wọn a fi ọ̀pá gbé korobá méjì-méjì kọ́ èjìká, wọn a gun òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọn a sì rọra bu omi náà sí ìdí ọ̀gbìn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ a fà á mu lójú ẹsẹ̀. Dúdú àti funfun ni àwòrán náà: òkun ń dán, ènìyàn sì kéré bí èèrà lára òkè. Ẹni tí ó bá fọ aṣọ ọmọ láàárọ̀, tí ó tún bá òkìtì rẹ̀ pàdé nírọ̀lẹ́, yóò bi ara rẹ̀ bí mo ti bi ara mi: kí ni a ń gbé ilé ayé ṣe gan-an?

Lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ ìyàwó yọ̀, omi korobá kan dànù. Ọkọ rẹ̀ gbá a létí. N kò ní gbè é rárá.

Lẹ́yìn náà ni àkọ́bí wọn ṣàìsàn. Kí baba tó fi ọkọ̀ gbé dókítà dé, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ní ilẹ̀ wa, ilé ìbá ti kún, wọn ìbá sì ti máa wí fún ìyá náà pé omi ni ó dànù, agbè kò fọ́. N kò tíì rí abiyamọ tí ọ̀rọ̀ yẹn tù nínú lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Lẹ́yìn ìsìnkú, Nobuko Otowa, tí ó ṣe ìyá náà, dédé da omi nù fúnra rẹ̀, ó fa ọ̀gbìn tu, ó dojú bolẹ̀, ó ń sunkún.

Ọkọ rẹ̀ dúró, ó ń wò ó. Àwọn kan lè pe ìyẹn ní ọkàn líle. Èmi rí i pé ọwọ́ tí ó gbá a létí nítorí korobá kan kò gbéra lọ́jọ́ yìí. Ó yíjú padà, ó ń bomi rin oko lọ. Nígbà tí ó ṣe, ìyàwó rẹ̀ dìde, ó bu omi, ó sì rọra dà á sí ìdí ọ̀gbìn kan.