Ọ̀rá Píọ̀ Wọ́tà àti Àjà Ilé Màmá Mi

Ní ìlú wa, Ọlá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹjìgbò, ẹni tó bá ń gbé abẹ́ páànù ló mọ ohun tí ooru ń jẹ́. Tí oṣù Èrèlé bá ti dé, màmá mi kì í lè wọ yàrá sùn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n máa ń tẹ́ ẹní sí. Wọ́n ti ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń bá wọn fínra. Dókítà ní kí wọ́n máa sùn dáadáa, ṣùgbọ́n ooru kò gbà.

Ẹ mọ̀ pé àwa ará Ẹjìgbò àti Abidjan ti di ọmọ ìyá. Àbúrò màmá mi tó ń gbé ibẹ̀ ló wá kí wa, tó ń ròyìn ilé ìwé tí wọ́n fi ike kọ́. Òótọ́ ni. Ní oṣù Keje ọdún 2019, UNICEF àti Conceptos Plásticos, ilé iṣẹ́ kan láti Kòlóńbíà, kéde pé àwọn ń dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire tí yóò máa sọ ike àlòkù di búlọ́ọ̀kù. Nígbà náà, wọ́n ti kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ mẹ́sàn-án ní Gonzagueville, Divo àti Toumodi. UNICEF ní búlọ́ọ̀kù náà fúyẹ́, omi kì í wọ̀ ọ́, ó sì ń dí ooru lọ́nà.

Píọ̀ wọ́tà ni màmá mi ń tà níwájú ilé. Àpò ọ̀rá òfìfo mẹ́rin ló wà ní ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n ní kí n fọ̀ wọ́n, kí n sá wọn gbẹ, kí n kó wọn sórí àjà yàrá wọn.

Ọ̀rọ̀ wọn mọ́gbọ́n dání. Afẹ́fẹ́ tó bá dúró sójú kan kì í jẹ́ kí ooru tètè kọjá. Fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣàn tuntun sínú páálí, nǹkan bí ìdá 98 nínú 100 rẹ̀ ló jẹ́ afẹ́fẹ́. Iṣẹ́ ike inú rẹ̀ kò ju pé kó há afẹ́fẹ́ náà mọ́. Ìgò ike pàápàá, wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n ń yọ́ ọ, wọ́n sì ń fà á di fọ́nrán bí òwú tí wọ́n ń kì sínú ìrọ̀rí, tí àwọn mìíràn sì ń tẹ́ sínú ògiri àti òrùlé.

Mo kọ́kọ́ dán an wò ní ilé ewúrẹ́. Mo so àpò ọ̀rá kan mọ́ abẹ́ páànù. Ní ọ̀sán gangan, páànù ń jóni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n abẹ́ àpò náà kò gbóná tó bẹ́ẹ̀. Màmá mi fi ọwọ́ kàn án, wọ́n ní, "Kí la tún ń dúró dè?"

Iná ni. Mo ṣáná sí ọ̀rá kan lójú wọn. Ó yọ́, ó ń kán sílẹ̀, ẹ̀kán rẹ̀ sì ń jó lọ ní ilẹ̀. Polyethylene ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá píọ̀ wọ́tà. Irú ike yìí náà ló wà nínú páálí alumíníọ́ọ̀mù tí wọ́n fi bo ara Grenfell Tower ní London. Iná jó ilé yẹn ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 2017, ẹni 72 sì kú. Orí àjà tiwa ni wáyà iná gbà kọjá, eku sì ń gé wáyà jẹ.

Àwọn baba wa ti mọ nǹkan kan nípa èyí. Nínú ilé alámọ̀ àtijọ́, igi ni wọ́n ń tò, wọ́n á sì fi amọ̀ rẹ́ ẹ lórí. Àjà nìyẹn. Ó ń dí ooru, bí iná bá sì ran koríko òrùlé, amọ̀ ló dúró láàrin iná àti onílé. Páànù dé, a mú orúkọ àjà, a fi fún pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a sì gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀.

"Ṣé kí n máa sùn níta títí láé ni?" ni màmá mi bi mí. N kò lè dá wọn lóhùn tààrà. A pe káfíńtà, ó ṣí ojú afẹ́fẹ́ sí ìhà méjèèjì òrùlé kí ooru lè máa rí ibi gbà jáde. Ó dín díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹní ṣì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní àwọn alẹ́ kan. Àpò mẹ́rin náà ṣì wà ní ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, n kò sọ pé kí a kọ ike. Láàrin àpò ọ̀rá àti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ Gonzagueville, iṣẹ́ ńlá ló wà: kí a mọ irú ike tó yẹ, kí a fi ohun tí iná kì í tètè ràn bò ó, kí a sì dán an wò kí ẹnikẹ́ni tó sùn sábẹ́ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ilé kíkọ́ ló ni èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Èyí tó kan àwa tí à ń kọ́ èdè Yorùbá ni pé kí a sọ ìmọ̀ náà lédè tó yé ìyá wa, kí ó lè jẹ́ pé, lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá gbé irú ọjà yìí wá sí Ọlá, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ bi í ni pé: bí iná bá kàn án ńkọ́?