Ta Ló Ni Tiransifọ́mà?

Títí di òní, bí iná bá dé ní Ọ̀rányàn, "Up NEPA!" ni àwọn ọmọdé ń ké. Ọdún 1972 ni wọ́n dá NEPA sílẹ̀. Ọdún 2005 ni PHCN rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí ó sì di oṣù kọkànlá ọdún 2013, ìjọba fa iṣẹ́ pínpín iná lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Àwọn ọmọ tí ń pariwo wọ̀nyí kò bá NEPA láyé rárá. Èmi tí mò ń kọ́ni ní èdè Yorùbá kì í bá wọn wí, nítorí èdè a máa tọ́jú orúkọ òkú. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé kò sí ẹni tí ó lè dáhùn ìbéèrè kan tààrà ní àdúgbò wa: ta ló ni tiransifọ́mà?

Ẹni tí ó bá mọ àárín Ọjà'ba sí Bẹẹrẹ mọ̀ pé ńṣe ni orùlé ń gun orùlé níbẹ̀. Wáyà ń gba orí páànù tí ó ti dípẹtà kọjá. Ìsọ̀ àwọn ìyá ọlọ́jà fara ti ọgbà tiransifọ́mà. Àwọn kan tilẹ̀ ń dáná sun ìdọ̀tí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni 11,000 volt ni ó ń wọ inú ẹ̀rọ yìí, òun ni yóò sì rọ̀ ọ́ sílẹ̀ sí 415 kí ó tó máa lọ sí ilé wa. Epo inú rẹ̀ ni ń mú un tutù, tí kì í sì í jẹ́ kí iná ràn mọ́ ara irin. Bí epo bá jò tán, ooru yóò jó o. Fúùsì ní tirẹ̀ dà bí abọ́bakú, àfi pé òun ń kú kí ọba má baà kú ni: bí ẹrù iná bá pọ̀ jù, òun ni yóò kọ́kọ́ já. Ṣùgbọ́n bí ó bá já lóru, ẹnìkan á wá wáyà tí ó ki, á fi dí àyè rẹ̀, iná á dé, gbogbo wa á yọ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, ọba ni ikú ń dúró dè.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn olè gé okùn kọ́pà tí ó so tiransifọ́mà wa mọ́ àpótí fúùsì. Ẹ má ṣe rò pé wọ́n láyà ju ènìyàn lọ. Iná kò sí ní àdúgbò fún ọjọ́ márùn-ún ṣáájú, gbogbo ènìyàn ló sì mọ̀ pé wáyà ti kú. Iná tí ó bá ń tàn a máa ṣọ́ ara rẹ̀.

A péjọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Mọ́gàjí kan, wọ́n sì bu owó lé ilé kọ̀ọ̀kan. Ìyá kan tí ń ta ẹja, tí tinú fírísà rẹ̀ ti bàjẹ́ tán, kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá wa, bí a bá san owó yìí tán, ṣé tiwa ni yóò jẹ́ àbí tiwọn?" Ilé pa lọ́lọ́. Akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ní kí ìyá jókòó, pé iná ni kí á kọ́kọ́ rí. A san án.

Ìdáhùn ìyá ẹlẹ́ja wà ní Abùjá. NERC, àjọ tí ń ṣe àkóso ọ̀rọ̀ iná, ti là á sílẹ̀ pé ilé-iṣẹ́ tí ń pín iná ni ó yẹ kí ó pèsè irú nǹkan báwọ̀nyí. Bí ará àdúgbò bá sì fẹ́ fi owó tiwọn ṣáájú, kí wọ́n kọ́kọ́ bá ilé-iṣẹ́ náà tọwọ́ bọ ìwé lórí bí yóò ṣe dá owó náà padà. Mélòó nínú wa ni ó mọ̀ bẹ́ẹ̀? Ní tèmi, ì bá dára kí wọ́n kọ òfin náà ní Yorùbá, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ọgbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbárí òkú tí wọ́n yà síbẹ̀.

Síbẹ̀ owó tí a dá so ojú wa mọ́ ẹ̀rọ náà. A gba ọdẹ kan. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ gun òpó, ì báà jẹ́ lọ́sàn-án gangan, ọdẹ yóò bi í léèrè ẹni tí ó rán an, yóò sì gba káàdì iṣẹ́ rẹ̀ wò.

Okùn kan tún wà tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò dá owó fún. Fáíbà ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é, ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n sábà máa ń rì í mọ́lẹ̀ sí. Gíláàsì tí ó tín-ín-rín bí irun orí ni, ìmọ́lẹ̀ ni ó ń gba inú rẹ̀ kọjá, ohùn àti owó báńkì sì ni ìmọ́lẹ̀ náà ń gbé. Olè tí ó rò pé kọ́pà ni a máa hú u, a gé e, a sì sọ ọ́ nù. Ti agbaṣẹ́ṣe ojú ọ̀nà kò kéré. Àjọ NCC ti fẹjọ́ wọn sùn léraléra. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn okùn abẹ́ òkun bàjẹ́ ní etí Abidjan, a rí bí iṣẹ́ báńkì ṣe dákú ní Nàìjíríà níhìn-ín. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí àṣẹ tí ó ka irú okùn báwọ̀nyí mọ́ ohun ìní pàtàkì orílẹ̀-èdè, tí bíbà á jẹ́ sì jẹ́ ọ̀ràn. Láti ọdún 2015 ni JAMB ti gbé ìdánwò rẹ̀ pátá lọ sórí kọ̀ǹpútà, orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti ń forúkọ sílẹ̀ fún un. Okùn tí ọdẹ kò ṣọ́ ni ọjọ́ ọ̀la wọn ń gbà kọjá.

Ọdẹ wa kò mọ ibi tí okùn náà gbà. Kò sí ẹni tí ó fi hàn án, kò sì sí nọ́ńbà tí wọ́n ní kí ó pè. Bí katapílà bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ títì lọ́la, yóò dúró ti tiransifọ́mà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì rẹ̀, yóò máa wò wọ́n. Ó tilẹ̀ lè kí wọn kú iṣẹ́.