Kí Ni A Fẹ́ Fi Hítà Ṣe?

Bí a bá sọ fún ará Ìbàdàn pé hítà ọkọ̀ ẹni kò mú mọ́, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ fi dáni lóhùn. Ṣé oòrùn ilẹ̀ wa kò tó ni? Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tẹnu mi.

Bàbá mi ní píkọ́ọ̀pù Peugeot àtijọ́ kan, irú ọkọ̀ tí ó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ wa lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ PAN bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná ní 1975. Òun ni a fi ń kó ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo láti oko wa ní agbègbè Akínyẹlé lọ sí ọjà Bódìjà. Ní ìdájí ọjọ́ òjò kan, a gbé ìyá àgbà kan tí ara wọn kò yá síwájú ọkọ̀ láti gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Èémí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bo gíláàsì iwájú bí ìkúùkù. Wáípà ń ṣiṣẹ́ níta, bẹ́ẹ̀ inú ni ìkúùkù wà. Bàbá ṣí hítà. Atẹ́gùn tútù ni ó fẹ́ jáde. Àkísà ni mo fi ń nu gíláàsì títí a fi dé Mọ́níyà, tí àwọn tírélà sì ń bọ̀ wá pàdé wa láti ọ̀nà Ọ̀yọ́. Iná wọn nìkan ni a ń rí.

Mẹkáníìkì wa ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gé rọ́bà rẹ̀ dànù. Kí ni a fẹ́ fi hítà ṣe?" Bàbá kọ̀. Wọ́n ní hítà kò dáná tirẹ̀: omi gbígbóná inú ẹ́ńjìnnì ni ó ń gba inú rédíétọ̀ kékeré kan kọjá, tí fáànù sì ń fẹ́ ooru rẹ̀ sí wa. Bí ooru bá dín, ọ̀rọ̀ omi ni kí a kọ́kọ́ wádìí.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, a ṣí rédíétọ̀ ńlá; omi kún un. A tan ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀, a sì rọra fọwọ́ kan rọ́bà méjì tí ó wọ inú hítà. Bí méjèèjì bá gbóná, omi ń lọ dáadáa. Fáànù ni kí a yẹ̀ wò. Bí ọ̀kan bá gbóná tí èkejì tutù, ìdọ̀tí ti dí ọ̀nà, tàbí kọ́ọ̀kì rẹ̀ kò ṣí. Bí méjèèjì bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, bóyá afẹ́fẹ́ há sínú omi, tàbí tamósítáàtì ni ó ní àrùn.

Tiwa lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nígbà tí a tú ilé tamósítáàtì, òfìfo ni a bá! Ẹnìkan ti yọ ọ́ tipẹ́tipẹ́ nítorí pé ọkọ̀ ń gbóná jù. Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀kùn ni tamósítáàtì jẹ́. Kì í ṣí fún rédíétọ̀ títí omi yóò fi gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 80 lórí Sẹ́síọ́ọ̀sì. Bí kò bá sí, ẹ́ńjìnnì kì í tètè gbóná tó bí ó ti yẹ, a sì máa mu epo ju ìwọ̀n lọ. Ẹrẹ̀ omi odò tí ó dí rédíétọ̀ ni àrùn ọkọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. A fọ̀ ọ́, a ra tamósítáàtì tuntun, hítà sì gbóná.

Lójú tèmi, ẹlẹ́rìí ni hítà jẹ́ fún ẹ́ńjìnnì. Ẹni tí ó bá gé ahọ́n ẹlẹ́rìí, kò tíì parí ẹjọ́.