Afẹ́fẹ́ ló ń da mọ́tò láàmú, epo ni wọ́n ń bú

Lórí afárá Third Mainland, láàárọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún 2023, ojú ti ọkùnrin onímọ́tò kan. Bó ṣe ń tẹná mọ́ Camry tòkunbọ̀ rẹ̀ tó, ńṣe ni mọ́tò náà ń hùkọ́, kò fẹ́ẹ́ lọ. Dírẹ́bà dánfó kan yọjú, ó ní, "Bàbá, ẹ gbé pósí yín kúrò lọ́nà o!" Àwọn èrò inú dánfó sì bú sẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín o. Mọ́tò yìí lọkùnrin náà fi ń jẹun, òun ló fi ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ láti Kétu lọ sí CMS. Ọdún yẹn náà sì nìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí epo wọ́n gógó. Àsìkò yẹn gan-an ni mọ́tò wá ń mu epo bí ẹni mumi. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, á máa gbọ̀n, á máa rú èéfín dúdú. Tó bá sì dé ibi tó yẹ kó ti sáré, kò ní í lè fà.

Mẹkáníìkì rẹ̀ ní púlọ́ọ̀gì ni, wọ́n pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ní pọ́ọ̀ǹpù epo ni, wọ́n pààrọ̀ ìyẹn náà. Ó tún ní omi ló wà nínú epo tí wọ́n rà, wọ́n bá fa gbogbo epo inú táǹkì dànù. Mọ́tò ò yíwà padà. ₦38,000 tí wọ́n ná kẹ́yìn, owó iléèwé ọmọ ni. Ìyàwó rẹ̀ ò pariwo, ó kàn bi í pé, "Dádì, kí la máa sọ fún ọmọ yìí lọ́jọ́ Ajé?" Ọ̀rọ̀ náà dùn ún ju èébú orí afárá lọ.

Ọmọkùnrin rẹ́wáyà kan ní Mushin ló tú àṣírí. Ó ki ẹ̀rọ rẹ̀ bọ abẹ́ síárìn, ẹ̀rọ kọ P0101. Onímọ́tò ti ń béèrè iye tí wọ́n ń ta tuntun.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣe sùúrù. Nọ́ńbà yìí ò ní kẹ́ ẹ lọ ra nǹkan, ibi tá a máa wò ló ń júwe."

Ó wo rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, kò ya. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ó yọ wáyà kúrò lára sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ́ńjìnnì fara balẹ̀.

Wáyà tín-ín-rín kan wà nínú sẹ́ńsọ̀ yìí tí iná ń mú gbóná. Afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì á máa mú un tutù. Iye iná tó fi ń gbóná padà ni kọ̀ǹpútà mọ́tò fi ń mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ tó, kó tó wọn epo sí i. Eruku ti bo wáyà náà, irọ́ ló wá ń pa: nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ epo á pọ̀ jù, lórí eré epo ò ní tó.

Níbo leruku ti wá? Wọ́n ṣí ilé fíltà, fíltà ti ya. Onímọ́tò dorí kodò, torí òun fúnra rẹ̀ ló máa ń ní kí wọ́n má ra tuntun, kí wọ́n kàn fi ẹ̀rọ fẹ́ eruku rẹ̀ dànù.

Ọmọ náà paná mọ́tò, ó yọ sẹ́ńsọ̀, ó fín oògùn tí wọ́n ṣe fún un sí i. Kò fọwọ́ kan wáyà náà, kò fi àkísà nù ún, ó jẹ́ kó gbẹ dáadáa kó tó dá a padà. Wọ́n ra fíltà tuntun, ó parí. Kò sí pé wọ́n ń ra sẹ́ńsọ̀.

Wọ́n ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa lápálàpá. Ẹ̀yin onímọ́tò, tí mẹkáníìkì bá ti ní nǹkan kan ló bà jẹ́, ẹ má tíì béèrè pé "èló ni?" Ẹ kọ́kọ́ bi í pé, "Kí lẹ fi mọ̀?"