Òkúta Tó Ń Fa Ìlà Pupa

Ẹni tó bá dé Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ òjò yóò mọ àwọ̀ ilẹ̀ wa kó tó bọ́ bàtà. Pupa ni. Ó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, ó ń kun ìsàlẹ̀ ògiri. Inú irú ilẹ̀ yìí ni àwọn baba ńlá wa gbẹ́ yàrà Erédò Sùngbọ́ sí, èyí tó gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká.

Irin ló fún ilẹ̀ náà láwọ̀. Láti ọdúnmọ́dún ni òjò ti ń fọ àwọn èròjà mìíràn lọ, ṣùgbọ́n irin dúró, afẹ́fẹ́ bá a, ó pọ́n. Ọ̀kan lára ohun tó ń pọ́n ọn bẹ́ẹ̀ ni hẹ́mátáìtì, òkúta pàtàkì tí ayé ti ń rí irin.

Olùkọ́ wa mú ègé rẹ̀ kan wá sí kíláàsì. Dúdú ló rí, ó ń dán. Wọ́n ní kí n fi ha ẹ̀yìn táìlì tó fọ́, níbi tí kò dán. Ìlà pupa bí ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ ló jáde. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún ẹ̀jẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ ti wá. Ó lè dúdú, ó lè rí bí fàdákà, pupa náà ni ìlà rẹ̀. Ó wúwo tó omi lọ́nà márùn-ún. Bí kò bá lábùlà, 100 gíráàmù rẹ̀ ní nǹkan bí 70 gíráàmù irin. Ọ́síjìn ni ìyókù.

Alágbẹ̀dẹ ni bàbá mi àgbà. Nígbà tí mo ròyìn òkúta náà fún wọn, wọ́n ní: "Ọmọ mi, n kò yọ́ irin látinú òkúta rí. Irin mọ́tò àlòkù ni mo bá lọ́wọ́ bàbá mi." Òun náà ni wọ́n fi ń rọ ọkọ́ àti àdá. Irin àlòkù ti wọ́n báyìí, àwọn ọmọṣẹ́ wọn méjèèjì sì ti lọ gun ọ̀kadà.

Bẹ́ẹ̀, Yorùbá yọ́ irin látinú òkúta rí. Ní ọdún 1904, òyìnbó kan, C. V. Bellamy, kọ̀wé nípa ilé ìyọ́rin kan nílẹ̀ wa. Nínú ìléru, iná èédú ló ń gba ọ́síjìn kúrò lára òkúta, tí irin fi ń ṣẹ́kù. Nígbà tí irin òkè òkun pọ̀ lọ́jà, ìléru kú.

Àwọn kan ní kí a wa ilẹ̀ pupa Ẹ̀pẹ́ tà. N kò gbà. Amọ̀ àti yanrìn pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òkúta irin gidi wà ní Ìtakpè, ní ìpínlẹ̀ Kogí. Láti ọdún 1979 ni ìjọba ti dá ilé iṣẹ́ irin Àjàòkúta sílẹ̀, síbẹ̀ ìléru ńlá rẹ̀ kò tíì yọ́ irin kankan. Òkúta kọ́ ló wọ́n wa.

Ìyá mi fẹ́ kí n ṣe nọ́ọ̀sì, nítorí iṣẹ́ wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ nípa òkúta ni mo fẹ́ kà ní yunifásítì. Àwọ̀ irin nínú iná ni bàbá àgbà ń wò tí wọ́n fi ń mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n lù ú. Ní gbogbo Sátidé ni mo ń kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀, kí ìmọ̀ tiwọn má bàa bá ti ìléru lọ.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, bí ọmọ bá gbé òkúta wálé, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ bi í pé irú ìlà wo ló ń fà.